Béèsì Mẹ́ta àti Àmín Méje

Ẹni tó bá fẹ́ ka nǹkan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nìyẹn fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe ka gìtá béèsì mi fún yín.

Ení ni èyí tó wà nílé, ní Erinje, nínú ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mo rà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ olórin kan ní Òkìtìpupa nígbà tí ẹgbẹ́ náà tú ká. Dúdú ni nígbà náà. Nígbà tí mo fi máa kúrò nílé, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí bí ògiri tí òjò ń pa. Ọ̀kan nínú ohun tí a fi ń fa okùn rẹ̀ ti sọnù, káfíńtà kan ló gbẹ́ igi ìrókò sí ipò rẹ̀.

Èjì ni èyí tí mo rà níbí, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹrù tí àwọn ẹlòmíràn ti lò sẹ́yìn. Àwọ̀ ilẹ̀ ni, ó wúwo, okùn rẹ̀ sì ga débi pé bí mo bá fi ta orin mẹ́ta, ìka á máa ro mí di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀ta ni èyí tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé yìí. Ẹ ní sùúrù, a ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọdún kẹrin rèé tí mo dé ìlú kékeré kan ní àríwá Ìlú Ọba. Fúnmi, ọmọ mi obìnrin, ló ní kí n máa bọ̀ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, tí ìyá rẹ̀ sì ti sùn nínú Olúwa. Ó ní, "Bàbá, ilé yẹn ti dákẹ́ jù fún yín." Òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò sọ ni pé ilé tòun dákẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun àti ọkọ rẹ̀ á jáde ní ìdájí, ọmọ á lọ sílé ìwé, á wá ku èmi àti ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, tó máa ń kùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún pa á mọ́ra.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo bọ́ sí ìgboro láàárọ̀, mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé. Obìnrin kan dúró, ó bi mí bóyá mo ṣìnà. Ọkùnrin kan ò jẹ́ kí n parí ìkíni tó fi nawọ́ tọ́ka ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró sí mi. Mo wá rí i pé lójú wọn, ẹni tó bá ń kí ènìyàn, ó ní ohun tó ń wá. Mo rò ó wò, mo sì rí i pé wọn ò purọ́. Ẹni tó máa kí mi padà ni mò ń wá.

Nígbà tó yá, ilé ìwé kan nítòsí ń wá ẹni tó máa dá ọkọ̀ dúró fún àwọn ọmọdé kí wọ́n lè sọdá títì. Mo gba iṣẹ́ náà. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tó ń dán, àti ọ̀pá gígùn tí wọ́n kọ "dúró" sí lórí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo to àwọn ọmọ ní méjì-méjì, mo ní kí wọ́n na ọwọ́, mo sì yẹ èékánná wọn wò. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó rọra jáde wá bá mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọkọ̀ ni kí n máa dá dúró, kì í ṣe àwọn ọmọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n títí di òní, àwọn ọmọ mẹ́ta kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ń kọjá, wọ́n á rọra na èékánná wọn sí mi ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ, èmi náà á sì mi orí. Kò sí èyí tó dọ̀tí nínú wọn.

Ọjọ́ Sunday ló ń gbà mí là. Ìjọ wa níbí ń háyà gbọ̀ngàn tí àwọn kan ti máa ń ṣeré ìdárayá. A ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a ó wọ sùtánà, a ó sun tùràrí, tùràrí á sì kọ́kọ́ bá òórùn ìbọ̀sẹ̀ àná jà kó tó borí. Ẹyọ kan péré la máa ń sun, lẹ́bàá fèrèsé tó ṣí, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń ké bí iná bá ń jó kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹbọ ọpẹ́ àti ìjàǹbá.

Ibẹ̀ ni mo ti ń ta béèsì kejì. Ẹni tí kò bá mọ̀, kí n ṣàlàyé: béèsì ni ìpìlẹ̀ orin. Kò sí àlejò tó ń wọ ilé tó ń kí ìpìlẹ̀. Ògiri ni wọ́n ń yìn, àjà ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n bí ìpìlẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀, gbogbo wọn ló máa sá jáde. Irú iṣẹ́ tó bá olùkọ́ mu nìyẹn.

Béèsì àkọ́kọ́, ọwọ́ Orímisàn ni mo fi í sí nílé. Mo kọ́ Orímisàn ní kíláàsì kẹrin, nígbà tí kò tíì lè mú gègé dáadáa. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin báyìí. Ní àárín ọ̀sẹ̀, ó ń fún epo ní Akotogbo. Bí ó bá di Sátidé, á wá sí Erinje, á fi ọṣẹ dúdú fọ epo kúrò ní ìka rẹ̀, nítorí okùn béèsì kì í fẹ́ kí ọwọ́ yọ̀. Lọ́jọ́ Sunday, á gbé fóònù rẹ̀ ti fèrèsé ìjọ, kí n lè máa fi fídíò wo ìsìn.

Mo máa ń rí gbogbo wọn. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn ìyá, mò ń gbọ́ agogo, mò ń gbọ́ ìlù, ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́yìn ilé ìjọ gan-an, mò ń gbọ́ ọ. Béèsì nìkan ni n kì í gbọ́. Mo rí ìka Orímisàn tó ń lọ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ohùn kankan ò jáde.

"Orímisàn, tẹ okùn yẹn mọ́lẹ̀," ni mo máa ń wí fún un lẹ́yìn ìsìn.

"Sà, mo ń tẹ̀ ẹ́."

"O ò tẹ̀ ẹ́ tó. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa."

"Sà, ìka mi ti bó."

Nǹkan bí oṣù mẹ́fà la fi ń bá èyí yí kí Fúnmi tó gbọ́ wa lọ́jọ́ kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Bàbá, ẹ ti ń fìyà jẹ ẹni ẹlẹ́ni. Ẹnu fóònù kéré. Ohùn tó bá lọ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í lè gba ibẹ̀ kọjá."

Mo bẹ Orímisàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Èyí tó bá ga nìkan ló ń dé òkè òkun: ẹ̀rín, ẹkún, àti orúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n bá wọn rà. Ohun tó gbé gbogbo rẹ̀ ró kì í dé. Àwa náà, bí wọ́n bá pè, ohùn òkè la fi ń dá wọn lóhùn. "A wà dáadáa. Òtútù mú díẹ̀." Kò sí ẹni tó ń fi fóònù sọ èyí tó wà nísàlẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ìkórè ku bí oṣù méjì, Orímisàn pè mí ní ọjọ́ Wednesday. Kì í pè mí ní ọjọ́ Wednesday. Èdè Ìkálẹ̀ wa la fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́ ní Yorùbá ilé ìwé kí gbogbo yín lè bá wa lọ.

"Sà, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó. Ta ló kú?"

"Béèsì ni, sà. Ọrùn rẹ̀ ti kán. Ìyá Wòlíì ló wà nínú ẹ̀mí. Wọ́n yí, wọ́n yí, wọ́n yí dé ibi tí mo fi í tì."

"Ṣé kò ṣe ìyá náà ní nǹkan?"

"Rárá, sà. Ọrùn béèsì ló gba gbogbo rẹ̀."

Mo ní kí wọ́n wá káfíńtà. Ó ní káfíńtà ti wò ó, ó sì ti kí wọn kú ìrọ́jú. Ó wá sọ ohun tó torí rẹ̀ pè. Àwọn àgbà ìjọ fẹ́ gba ẹnì kan láti Òkìtìpupa tó ní kíbọ́ọ̀dù. Kíbọ́ọ̀dù náà, bí wọ́n bá tẹ ibì kan lára rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló ń ta béèsì.

"Wọ́n ní kí n lọ máa lu agogo, sà. Bí ẹni yẹn bá fi lè ṣe ìkórè kan, kò sí ẹni tó tún máa bi mí pé níbo ni mo jókòó sí."

Mo mọ ibi tó jókòó sí. Àga mi ni. Ogún ọdún ni mo fi jókòó lórí rẹ̀ kí n tó fi í lé e lọ́wọ́.

Mo ní, "Má lu agogo. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi níbí, màá fi ránṣẹ́ sí ọ kó tó di ìkórè. Àlhájì ń bọ̀ wálé, ó máa bá mi gbé e."

Ọmọ Erinje tó ń gbé nítòsí wa níbí ni Àlhájì; nílé, ilé wọn àti ilé wa ò ju ògiri kan lọ. Mùsùlùmí ni bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé béèsì ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ kí ó gbé, ó ní, "Tíṣà, bí kò bá ṣáà ti ní fúnra rẹ̀ kọrin nínú bàálù."

Ó wá kù kí èmi náà wá èyí tí màá máa tà níbí. Ohun tó gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù gìtá nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé ìfẹ́ ọmọnìkejì ló gbé mi débẹ̀.

Ẹ̀ta náà wà lórí ògiri. Pupa ni létí, ó sì ń yọ́ wá di wúrà láàárín, bí epo Akotogbo tuntun nínú ìgò tí wọ́n gbé sínú oòrùn. Ẹni tó ń tajà gbé e fún mi. Mo fọwọ́ kan okùn tó nípọn jù, ẹ̀ẹ̀kan péré, ife tíì orí tábìlì rẹ̀ sì gbọ̀n. N ò béèrè nǹkan kan mọ́. Ó ní àpótí kan tó ń bá a lọ, dúdú lóde, àrán pupa nínú. Mo gbé méjèèjì.

Nígbà tí mo gbé e délé, béèsì kejì dà bí ìbátan tó wá láti oko lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Mo gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Tuntun náà ni mo gbé sórí àga tó kọjú sí ibi tí mo ti ń jẹun. Mo fi síńgílẹ́ẹ̀tì mi tó mọ́ jù nù ún láàárọ̀, mo tún nù ún lálẹ́.

"Bàbá, ẹ bá wa gbé e kúrò lórí àga, ọmọ fẹ́ jókòó," ni Fúnmi wí.

"Kí ó jókòó sílẹ̀. Ilẹ̀ kì í já."

Ó wò mí. "Èwo lẹ wá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Erinje?"

"Èyí tí mo ṣèlérí."

"Èyí tí okùn kẹta rẹ̀ ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò yẹn?"

"Kí tuntun tó dé ni mo ti ṣèlérí. Olùkọ́ kì í yí máàkì padà."

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó lọ fọ abọ́. Bí ọmọ tí mo tọ́ bá kọ ẹ̀yìn sí mi, mo mọ̀ pé ó ti fún mi ní òdo. Ṣùgbọ́n mo ní àlàyé tèmi lọ́kàn. Wọn ò ní ẹ̀rọ tó dára tó ń gbé ohùn béèsì jáde nílé. Òjò á pa á. Ìyá Wòlíì ṣì ń yí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń to ìdí kan lé orí òmíràn, tí ó sì ń dún bí òótọ́.

Ó wá di Sunday tí Àlhájì fẹ́ wá gbé ẹrù. Nínú ìjọ tiwa, kò sí ohun tó ń lọ ìrìn-àjò tí kò ní kọ́kọ́ dé iwájú pẹpẹ. Wọ́n á tan àbẹ́là, ẹni tó ni ẹrù á kúnlẹ̀, Olùṣọ́-àgùntàn á gbàdúrà méje, ìjọ á ṣe Àmín méje. Lẹ́yìn Àmín keje, ẹrù náà ti di ti ibi tó ń lọ. Obìnrin kan fi ẹ̀rọ ìránṣọ lélẹ̀ níbẹ̀ rí, ó fẹ́ yí ọkàn padà lọ́jọ́ kejì. Àwọn àgbà ní kí ó lọ bá ẹni tó ṣe Àmín.

Àpò béèsì kejì ti ya, nítorí náà mo fi aṣọ ìbora àtijọ́ wé e, mo fi okùn dì í. Mo gbé e ti ẹnu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, mo ní bí àkókò bá tó, màá gbé e wá síwájú. Tuntun ni mo gbé tààrà lọ síwájú, nítorí ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tà á. Mo ṣí àpótí rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu níwájú pẹpẹ, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Ohun tí mo sọ fún àwọn ènìyàn nìyẹn.

"Tíṣà, ẹ kú ìnáwó o," ni ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wí. "Èyí kì í ṣe béèsì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni."

Mo ní, "Kékeré ni," ní ohùn tó dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

Àlhájì ti dé, ó bọ́ bàtà bíi tiwa, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Fúnmi gbé fóònù sórí àga kí Orímisàn àti àwọn ará Erinje lè rí wa. Wọ́n ti dá ìsìn tiwọn dúró. Olùṣọ́-àgùntàn wa ń wo aago, nítorí àwọn tó ń bọ̀ wá ṣeré ti ń yọjú.

"Tíṣà, ẹ bọ́ síwájú. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí ẹrù ilé."

Mo kúnlẹ̀, mo di ojú. Mo fẹ́ dìde lọ gbé béèsì tí mo dì sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n Olùṣọ́-àgùntàn ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, a kì í sì í dá àdúrà dúró. Mo ní bí wọ́n bá parí èyí àkọ́kọ́, màá sọ fún wọn.

N ò rántí mọ́. Ohùn Àmín mi ló máa ń ṣáájú nínú ìjọ yẹn, ó ti mọ́ ẹnu mi lára. Bí ẹnu mi ṣe ń ṣe Àmín, ọkàn mi ń ro orin tí màá fi ṣí béèsì tuntun, àti ibi tí ìka mi máa gbà. Àdúrà kan, Àmín. Èkejì, Àmín. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Ẹ̀karùn-ún ni mo gbọ́ bí ẹni tó ń tojú oorun bọ̀: "Kí ó gúnlẹ̀ sí Erinje pẹ̀lú àpótí rẹ̀." Mo ti ṣe Àmín kí n tó rántí pé èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò ní àpótí.

Mo la ojú kan. Ọwọ́ Olùṣọ́-àgùntàn wà lọ́rùn béèsì pupa, omi ìyàsímímọ́ ń kán sára àrán.

Wọ́n gba ẹ̀kẹfà. Ìjọ ṣe Àmín láìsí èmi. Wọ́n wá gbé ohùn sókè sí ìkeje: "Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá a padà lọ́nà, Olúwa, dá òun náà padà."

Ìjọ kò tíì ṣe Àmín keje. Wọ́n ń dúró de ohùn mi. Láti inú fóònù, mo gbọ́ Àmín àwọn ará Erinje, ó ń dún wúruwùru bí òjò lórí páànù. Mo wo fóònù náà. Orímisàn ti rí ohun tó wà nínú àpótí. Kò ṣe Àmín. Ó ti dojú bolẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú, mo sì rí i pé epo ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

Bí mo bá sọ̀rọ̀ nígbà náà, wọ́n á gbọ́ mi. Àṣìṣe ni, àtúnṣe sì ni iṣẹ́ mi láyé.

"Àmín," ni mo wí. Ẹnu mi ò fẹ́ẹ̀ gbé e.

Àlhájì wá síwájú, ó pa àpótí náà dé, ó gbé e. "Èmi náà ti ṣe Àmín, Tíṣà. Ṣé kí n gbé èyí tí ẹ dì bí òkú lẹ́nu ọ̀nà yẹn náà?"

"Rárá, Àlhájì. Ìyẹn ló máa bá mi ṣe ìsìn."

Mo tú aṣọ ìbora náà lójú gbogbo wọn.

Fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, òfin kan ni mo máa ń kọ sórí pátákó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ táàmù: Ẹ gbọ́ ìbéèrè parí kí ẹ tó dáhùn. Mo ti ní kí ọ̀pọ̀ ọmọ kúnlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Orímisàn wà lára wọn.

Nígbà tí à ń lọ sílé, Fúnmi ń wa ọkọ̀, ó ń wò mí. "Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ti rò pé èyí tó ti gbó lẹ máa fi ránṣẹ́."

"Olùkọ́ máa ń yí máàkì padà nígbà mìíràn," ni mo fèsì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òkìkí mi ti kan kọjá Erinje dé ìlú Àjàgbà. Àwọn àgbà ìjọ kọ lẹ́tà sí mi, wọ́n ní kò tíì sí ẹni tó lọ òkè òkun láti Erinje tó fi ohun tó dára jù ránṣẹ́ sílé, tó sì fi àlòkù ṣe tirẹ̀. Mo pè wọ́n kí n lè sọ bó ṣe jẹ́ gan-an. Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ mi tún pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi mí jẹ oyè. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkórè, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo gbé fóònù ti fèrèsé. Ní Erinje, wọ́n gbé fóònù ti fèrèsé. Orímisàn jókòó lórí àga mi. Béèsì náà ń dán débi pé sùtánà tó wà nítòsí rẹ̀ dà bí èyí tí wọn ò fọ̀. Ẹni tó ní kíbọ́ọ̀dù kò wá. Àwọn ìyá ń gbé ewébẹ̀ àti àgbàdo wọlé, agogo ń dún, ẹsẹ̀ ń jó. Mò ń gbọ́ gbogbo wọn. Ìka Orímisàn ń lọ, ó ń bọ̀, n ò gbọ́ ohùn kankan lábẹ́ wọn.

Mo dìde, mo gbé béèsì kejì láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo wo ìka rẹ̀, mo fi tèmi tẹ̀ lé e. Ó kọ́kọ́ ń ṣáájú mi díẹ̀, nígbà tó yá, a pàdé.

Nígbà tí orin náà dáwọ́ dúró, ó tẹ̀ sún mọ́ fóònù. Òógùn bò ó lójú. "Sà, ṣé ẹ ń gbọ́ béèsì?"

Mo fi ìka sórí okùn tó nípọn jù, mo tà á, bẹ́ẹ̀dì mi gbọ̀n díẹ̀.

"Mo ń gbọ́ ọ, Orímisàn," ni mo wí. "Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa."